KÍ A SÌN WỌ́N KÍ A TÓ SIN WỌ́N

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi àpérò ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa, ní Ìjẹ̀bú-Òde

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ní kí Alukoro sọ̀rọ̀, a mọ ohun tí wọ́n ń retí: ìtàn ẹgbẹ́. Bí àwa mẹ́tàdínlógún ṣe kọ́kọ́ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé akápò wa, bí a ṣe jà lórí àwọ̀ àńkárá àkọ́kọ́, bí òjò ṣe pa wá ní Ojúde Ọba ọdún tí a kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú fìlà tuntun. Gbogbo ìyẹn wà nínú ìwé yìí, pẹ̀lú fọ́tò. A wá tọrọ àyè láti sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ohun kan ṣoṣo ni Alága bi wá: “Alukoro, ṣé kò ní í ba fàájì jẹ́?” A ní kò ní í bà á jẹ́.

Ẹ mọ iṣẹ́ Alukoro. Ẹnu wa ni ẹgbẹ́ fi ń sọ̀rọ̀. Ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, ìṣílé, òkú, àwa là ń kéde wọn. Nígbà tí a ń múra ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, a ṣí ìwé ìkéde wa láti ọdún kìíní. Ìkéde òkú òbí jẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Bákan náà ni gbogbo wọn rí: ọjọ́ àìsùn, ọjọ́ ìsìnkú, àwọ̀ aṣọ ẹbí, iye owó rẹ̀, iye tí olúkúlùkù yóò dá fún màlúù. A wá ń wá ìkéde tó sọ pé, “Ìyá ọ̀kan nínú wa wà lórí ibùsùn, kò ní í dìde mọ́, ẹ wá bá wa yí i padà.” Ẹyọ kan péré la rí, ọdún tó kọjá la sì kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ìkéde kan yẹn la fẹ́ sọ.

Ní ìparí ọdún 2024 ni ọ̀kan nínú wa re Ìlú Ọba. A kò ní í dárúkọ rẹ̀. Òun ló bẹ̀ wá bẹ́ẹ̀, ó sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kí a tó tẹ̀ ẹ́. Olùkọ́ ìṣirò ni níbí, ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn nílé ló rí gbà lọ́hùn-ún. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2024 ni ìjọba ibẹ̀ ti ṣòfin pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ wá ṣe irú iṣẹ́ yẹn kò gbọdọ̀ mú ìyàwó tàbí ọmọ dání. Ó fi ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní ìlú yìí. Àpò àfọwọ́sowọ́pọ̀ ẹgbẹ́ wa ló yá a ní apá kan owó ìrìn àjò náà.

Ó sọ fún wa pé ilé ìwòsàn lòun ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá, ẹnìkan tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé tú àṣírí: ilé àwọn arúgbó àti àwọn tó ń kú lọ ló ń lọ láti òwúrọ̀ dalẹ́, tó ń wẹ̀ wọ́n, tó ń pààrọ̀ páḿpásì wọn. Ni ẹnìkan bá kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ pé, “Tíṣà ìṣirò ti di onínùdí.” Àwa Alukoro yín fi àwòrán ẹ̀rín mẹ́ta sí i. Ọ̀rẹ́ wa rí i. Kò fèsì. Oṣù mẹ́rin gbáko ni a kò fi gbúròó rẹ̀, àfi owó gbèsè tó ń wọlé ní ìparí oṣù, tí kò yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Àìsàn Màmá rẹ̀ ló mú kó tún bá wa sọ̀rọ̀. Gbogbo ọjà ló mọ Màmá. Òun ni wọ́n ń dá àjọ sọ́wọ́ rẹ̀. Jẹjẹrẹ ọmú tí wọ́n ti gé ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn tún yọjú, ó sì ti wọ egungun ẹ̀yìn. Ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú rẹ̀ ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé, pé ohun tó kù dọwọ́ Ọlọ́run. Wọn kò sọ fún ìyàwó ọ̀rẹ́ wa bí yóò ṣe gbé e, bí yóò ṣe wẹ̀ ẹ́, tàbí ohun tí yóò ṣe bó bá ń ké lóru. Paracetamol ni wọ́n dì fún un.

Ìgbìmọ̀ aláṣẹ pàdé ní alẹ́ ọjọ́ tí a gbọ́. Ẹ jẹ́ ká jẹ́wọ́, nítorí ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ pé ogún ọdún gbọ́dọ̀ lè sọ òótọ́ nípa ọdún kẹwàá. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ jáde ni pé, ṣé ká ti máa wo àwọ̀ aṣọ? Màmá ṣì ń jẹ ẹ̀kọ lọ́jọ́ náà o. A ṣí ìwé òfin ẹgbẹ́. Bí òbí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú: ₦250,000, owó màlúù lọ́tọ̀. Bí òbí ọmọ ẹgbẹ́ bá ń ṣàìsàn: àbẹ̀wò àti èso.

Ẹ má sì rò pé ẹgbẹ́ wa nìkan ni. Ọdún méjìdínlógún la ti ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Àwọn oníbàárà tó ti jókòó níwájú wa láti yá owó ìsìnkú kò lóǹkà. Àwọn tó wá yá owó láti fi gba ẹni tí yóò tọ́jú ìyá wọn kó tó kú, ìka ọwọ́ kan tó wọn kà. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ọjọ́ a kú là á dère, ènìyàn ò sunwọ̀n láàyè.

Ọ̀rẹ́ wa ló dá wa lẹ́kun. Ó pè ní àárín ìpàdé, Alága sì ṣí fóònù sílẹ̀ kí gbogbo wa lè gbọ́. Ó ní, “Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má tíì ra aṣọ. Ẹ bá mi ra ìwé àkọsílẹ̀ kan àti bírò kan, kí ẹ gbé e sí ìgbèrí Màmá.”

Láti ọjọ́ náà ni onínùdí wa ti di olùkọ́ wa padà. Orí fóònù ló ti kọ́ wa, nínú mọ́tò, láàárín ilé kan sí èkejì. A fẹ́ kọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú ohun tó kọ́ wa, nítorí kò sí ẹni tí kò ní í wúlò fún lọ́jọ́ kan.

Ó ní ìwé ni àkọ́kọ́. Ohunkóhun tí a bá ṣe, ká kọ aago àti orúkọ ẹni tó ṣe é. Níbi iṣẹ́ tirẹ̀, kó tó fọwọ́ kan aláìsàn, á kọ́kọ́ ka ohun tí ẹni tó kúrò níbẹ̀ kọ.

Ó ní ká máa yí Màmá padà ní wákàtí méjì méjì, kí a má fà á lápá, aṣọ ìtẹ́lẹ̀ ni ká fi gbé e. Ká ki ìrọ̀rí sáàárín orúnkún rẹ̀, ká sì jẹ́ kí gìgísẹ̀ rẹ̀ dá dúró lófuurufú, kó má kan ibùsùn. Ká máa wo gìgísẹ̀, ìbàdí àti ìdí rẹ̀ lójoojúmọ́. Ibi tí egbò bá fẹ́ yọ lára òyìnbó máa ń pọ́n. Lára tiwa ó lè dúdú sí i, kó gbóná, tàbí kó le. Bí a bá ti rí i, kí a má jẹ́ kó fi ibẹ̀ dùbúlẹ̀ mọ́.

Ó ní bí a bá ń wẹ̀ ẹ́, ibi tí ọwọ́ wà nìkan ni ká ṣí, ká fi aṣọ ìnura bo ìyókù. Bí àgbàlagbà kò bá lè dìde, ìyẹn kò sọ ọ́ di ọmọ ọwọ́. Ká sọ fún un ohun tí a fẹ́ ṣe kí a tó ṣe é. Ká fi aṣọ rírọ̀ tí a rì bọ omi nu inú ẹnu rẹ̀, ká fi òrí pa ètè rẹ̀.

Oúnjẹ ló fa àríyànjiyàn. Àwọn ẹbí ń fi tipátipá bọ́ Màmá, wọ́n ní bí kò bá jẹun yóò kú. Ọ̀rẹ́ wa ní kí a gbé orí rẹ̀ sókè, kí a fi ṣíbí kékeré fún un ní ìwọ̀n tó bá fẹ́, bó bá sì ti dijú ẹnu ká fi í sílẹ̀, nítorí oúnjẹ tó bá ṣì ọ̀nà gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ó ní ara tó ń palẹ̀ mọ́ kì í bèèrè oúnjẹ mọ́. “Kì í ṣe ebi ló ń mú un lọ. Lílọ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ebi pa á.”

Ó sì mọ ibi tí iṣẹ́ tirẹ̀ mọ. Ó ní òun kì í ṣe dókítà, òun kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Lọ́hùn-ún, nọ́ọ̀sì àdúgbò ló ń gún abẹ́rẹ́. Oògùn tí aláìsàn lè nílò lójijì ti máa ń wà nílé nínú àpótí kó tó di pé wọ́n nílò rẹ̀. Ó ní ká wá dókítà tó mọ irú ìtọ́jú yìí. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ àbúrò ọmọ ẹgbẹ́ wa júwe ọ̀kan fún wa. Dókítà náà wá sílé. Ó ní ìrora inú egungun kọjá ohun tí paracetamol nìkan lè ká, ó sì kọ mọ́fíìnì olómi. Ẹ̀gbọ́n Màmá fò sókè, ó ní oògùn tí wọ́n fi ń pa èèyàn nìyẹn. Dókítà fi sùúrù dá a lóhùn pé díẹ̀ la ó fi bẹ̀rẹ̀, òun yóò máa wo bó ṣe ń ṣe é. Ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin ni ká máa fún un, kí a má dúró kó tó ké. Ká sì máa fún un ní oògùn tó ń mú kí ìgbẹ́ rọ̀, nítorí mọ́fíìnì máa ń mú kó le.

Ní ọjọ́ kẹfà, a jókòó ti Màmá, a ń ka ìwé ìgbèrí yẹn bí a ṣe ń ka ìwé owó oníbàárà. Aago mẹ́fà àárọ̀, mẹ́wàá, méjì, mẹ́fà, mẹ́wàá alẹ́. Lẹ́yìn náà, àlàfo. Aago méjì òru kò sí níbẹ̀, òru mẹ́rin léra wọn. Lábẹ́ àlàfo kọ̀ọ̀kan, ní nǹkan bí aago mẹ́rin, ọ̀rọ̀ kan náà ni: “Màmá ké.” Ìyàwó ọ̀rẹ́ wa ló ti ń sùn lọ. Kò jẹ̀bi, òun nìkan ló ń ṣe tọ̀sán tòru, tó tún ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. A pe dókítà. Ó wá wo Màmá, ó sì fi oògùn aago méjì òru kún ti aago mẹ́wàá alẹ́. Dókítà ló mọ ẹni tí a lè ṣe é fún, ẹ má ṣe dá a ṣe nílé. Ṣùgbọ́n òru ọjọ́ náà, Màmá sùn di ìdájí. A ti rí àlàfo púpọ̀ nínú ìwé owó. Kò sí èyí tó dùn wá tó bẹ́ẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì la kọ ìkéde tí a ń wí. Ọkùnrin méjìlá fi orúkọ sílẹ̀, méjì méjì lálẹ́ kan. Àwọn ìyàwó wa pín òwúrọ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ẹni tó kọ “onínùdí” wà lára àwọn méjìlá. Ní alẹ́ àkọ́kọ́ tirẹ̀, ẹnìkejì rẹ̀ ti lọ wo jẹnẹrétọ̀, Màmá sì yàgbẹ́ sára. Ìyàwó ilé ń sùn. Kò jí i. Ó pọn omi, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n ṣe é?” Màmá wò ó títí. Ó ní, “Ṣe é, ọmọ mi. Ọmọ tèmi náà ń ṣe é fún òbí ẹlòmíì.” Màmá ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àwa nìkan là ń rò pé ohun ìtìjú ni.

Nígbà tí ìrora rọlẹ̀, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun ń lọ. Gbogbo ilé ń pa á lẹ́nu mọ́: “Ẹ ò ní í kú, Màmá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀.” Ọ̀rẹ́ wa ní kí a má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní bí ẹnìkan bá ní òun ń lọ, ká bi í ní ohun tó fẹ́ ká ṣe. A bi í. Ó nawọ́ sí abẹ́ ibùsùn. Agolo bisikíìtì kan wà níbẹ̀, owó àjọ obìnrin mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀: ₦386,500, àti ìwé tó fi ìlà sàmì sí fún àwọn tí kò mọ̀wé. Ọjọ́ méjì la fi kà á níwájú rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n wá gba tiwọn, tí wọ́n dì mọ́ ọn, tí wọ́n sunkún, tí wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Owó dín ní ₦2,000, ó ní oògùn lòun fi rà, ó sì sọ ibi tí a ó ti mú un dí i. Ká ní a kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ ikú, ìjà ni agolo yẹn ì bá dá sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ì bá sì bàjẹ́ lọ́jà.

Ọ̀rẹ́ wa ti sọ fún wa bí òpin yóò ṣe rí, kí ẹ̀rù má bà wá. Ẹsẹ̀ yóò tutù. Èémí yóò dúró, yóò tún padà. Ọ̀fun lè máa dún. Ká dà á kọ ẹ̀gbẹ́, ká má da omi sí i lẹ́nu, ká má mì í. Ó ní ó ṣeé ṣe kí etí ṣì máa gbọ́, nítorí náà ká má sọ ohun tí a kò fẹ́ kó gbọ́. Ní ìdájí ọjọ́ kan a pè é. Ó ń múra àtilọ sí ilé àkọ́kọ́. A gbé fóònù sí etí ọ̀tún Màmá. Ó ki ìyá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò kánjú. Kí aago mẹ́fà tó lù, Màmá ti lọ. Kò sí egbò kan lára rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ló kù kó wọkọ̀ òfuurufú wálé. Ẹgbẹ́ ti dá gbèsè rẹ̀ dúró, ó sì ti fi owó náà ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ká ní ọjọ́ ìpàdé àkọ́kọ́ yẹn la ti dá gbèsè dúró, ì bá bá a láàyè. Kò wá sí wa lọ́kàn. Aṣọ ló wà lọ́kàn wa.

Ohun tó ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà la kò lè gbàgbé. Bàbá òyìnbó kan wà tó ń tọ́jú, tó ti wa èédú rí, tí kò ní ará tàbí ọmọ nítòsí. Kò dárúkọ rẹ̀ fún wa rí. Òfin iṣẹ́ wọn ni. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó máa sinmi nílé. Ó ní aago méje ni bàbá ń retí òun. Ó lọ. Ó wẹ̀ ẹ́, ó yí i padà, ó nu ẹnu rẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó wá jókòó sínú mọ́tò, ó sunkún.

Ẹ̀yin èèyàn wa, iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Lóòótọ́, ní Lọ́ńdọ̀nù ni Cicely Saunders, tó ti ṣe nọ́ọ̀sì kó tó di dókítà, ti dá St Christopher’s Hospice sílẹ̀ ní ọdún 1967, tó fi hàn pé ẹni tí a kò lè wò sàn ṣì ní ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1993 Anne Merriman gbé e dé Uganda, mọ́fíìnì olómi ló sì fi ń ṣe é. Ní UCH Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyánnwò wà lára àwọn tó fi ìdí irú ìtọ́jú yìí múlẹ̀ ní Nàìjíríà, àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka náà sì máa ń lọ bá aláìsàn nílé. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 56.8 ènìyàn ló ń nílò rẹ̀ lọ́dọọdún, àti pé nǹkan bí 14 nínú 100 ló ń rí i gbà. Màmá wọ inú 14 yẹn, nítorí pé ọmọ rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí a fi ń ṣẹlẹ́yà.

Àbá mẹ́ta la gbé ka iwájú ẹgbẹ́ fún ìpàdé gbogboogbò tó ń bọ̀. Èkíní, nínú ₦250,000 tí a ń san nígbà ikú òbí, kí ₦150,000 di ohun tí a lè san nígbà tó ṣì wà láàyè, bí dókítà bá ti kọ̀wé. Èkejì, kí ẹgbẹ́ ra ibùsùn aláìsàn méjì tó ṣeé gbé lórí sókè àti kẹ̀kẹ́ aláìsàn kan, kí akápò máa tọ́jú wọn, kí ẹni tó bá nílò wọn gbà wọ́n lọ láìsan kọ́bọ̀. Ẹ̀kẹta, kí a gba nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ náà láti kọ́ ọkùnrin méjìlá àti obìnrin méjìlá nínú wa lọ́dọọdún. Bí ó bá gba pé kí aṣọ ẹbí ọdún kan fò wá kí owó rẹ̀ lè pé, a kò ní í rìn níhòòhò. Aṣọ kún àpótí wa.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀ṣẹ̀ tí a ṣẹ̀ ní gbangba, gbangba là ń ti tọrọ àforíjì rẹ̀. Sí ọ̀rẹ́ wa, tíṣà wa, àti gbogbo ọmọ ìlú yìí tó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú nílẹ̀ òkèèrè tí wọn kò lè sọ ọ́ nílé: Alukoro ẹgbẹ́ ń tọrọ àforíjì fún àwòrán ẹ̀rín mẹ́ta.

A máa ń sọ pé kì í ṣe ẹni bímọ ló bímọ, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá fẹ́ máa lọ nílé wa, a kì í jókòó ká ní ó dàbọ̀. A máa ń dìde, a ó sìn ín sọ́nà. Àwọn òbí wa náà yóò lọ, lọ́jọ́ tó bá pẹ́. Kí a sìn wọ́n kí a tó sin wọ́n.

Ọlọ́run kò ní í jẹ́ ká fi òkú ọmọ san owó ẹgbẹ́. Àwọn òbí wa yóò pẹ́ fún wa. Bí ọjọ́ bá sì tó, wọn kò ní í lọ nínú ìrora, wọn kò ní í lọ láìsí ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwa náà yóò rí ẹni di ọwọ́ wa mú. Àṣẹ.



Alukoro ẹgbẹ́